Àǹtí Tí Gbogbo Ìjọ Ń Gbàdúrà Fún

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù tajà, ẹ súnra kì, ẹ jẹ́ kí n rí ibi jókòó sí. Ìtàn obìnrin kan tí kò jalè, tí kò ṣe àgbèrè, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni jà ni mo fẹ́ sọ. Ènìyàn kan ló dá. Bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run nìkan ló ni iṣẹ́ yẹn. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́ síta. Ó ní bí ó bá kọ́ ẹyọ ẹnì kan lọ́gbọ́n, ìtìjú òun kò já sásán.

Tíṣà ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí àwọn ọmọ tí wọn kò tíì mọ ọwọ́ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún ló ń kọ́ níwèé. Ọkọ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà. Owó oṣù tíṣà kì í sì í pẹ́ nílé. Bí omi inú asẹ́ ni.

Ìdí nìyẹn tí Tíṣà fi ń lọ sọ́dọ̀ Bàbá Olókìtì lẹ́yìn ibùdókọ̀. Aṣọ òkìrìkà ni bàbá náà ń tà. Ó máa ń jókòó sórí àpótí láàárín òkìtì aṣọ, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bí òwú, ohùn rẹ̀ sì ń dún bí ẹní ń bú ènìyàn bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń kí i ni.

Tíṣà yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò tú òkìtì, yóò ṣà, yóò ná an títí bàbá yóò fi pariwo pé, "Gbé e lọ, gbé e lọ! Ìwọ obìnrin yìí, o fẹ́ kí n máa se aṣọ jẹ ni?" Yóò kó o délé, yóò fọ̀ ọ́, yóò lọ̀ ọ́, yóò gbé e kọ́ sára ilẹ̀kùn yàrá níbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń wọlé dáadáa, yóò ya fótò rẹ̀, yóò sì gbé e sórí ayélujára.

Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kí n má parọ́. Bí Tíṣà bá fọ aṣọ, aṣọ náà á gbàgbé ibi tó ti wá.

Aṣọ aláwọ̀ ewé kan ló kọ́kọ́ dán an wò. Ó ti pẹ́ tí fótò rẹ̀ ti wà níta, kò sẹ́ni tó yà síbẹ̀. Ni oníbàárà kan bá kọ̀wé sí i:

"Ẹ má bínú o, ta ló ni ín tẹ́lẹ̀? N kì í wọ aṣọ tí n kò mọ orísun rẹ̀."

Tíṣà di fóònù mú. Òtítọ́ wà ní ìka rẹ̀: "Lábẹ́ àwọn ṣòkòtò ni mo ti fà á yọ, mà." Ṣùgbọ́n irú òtítọ́ yẹn kì í ta aṣọ. Ẹ sì mọ̀ pé Sátánì kì í kan ilẹ̀kùn. Ó ti mọ ibi tí a ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ sí.

Ó kọ ọ́ pé, "Àǹtí mi kan tó ń gbé lókè òkun ló ni ín. Wọ́n ti sanra sí i, kò gbà wọ́n mọ́."

Kí ó tó gbé fóònù sílẹ̀, aṣọ ti tà.

Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni a ti bí Àǹtí. A kò kó o jáde, a kò sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Àǹtí kì í wọ aṣọ lẹ́ẹ̀mejì. Àǹtí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọ aṣọ òun. Báàgì aláwọ pupa yẹn, Àǹtí gbé e lọ sí ìgbéyàwó kan péré. Àwọn tó ń rajà kò tún béèrè bóyá aṣọ gbó mọ́, ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé, "Kí ni Àǹtí tún fi ránṣẹ́?"

Lọ́jọ́ kan, Káfíńtà ń jẹun, ó ń wo ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń tẹ fóònù.

"Ìyàwó mi, mo ní ìbéèrè kan. Àǹtí wa yìí, ṣé ó ga ni àbí ó kúrú?"

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Aṣọ tí o tà lọ́jọ́ Ajé ń wọ́ nílẹ̀. Tòní kò dé orúnkún. N kò rí irú ara bẹ́ẹ̀ rí, àfi ti rọ́bà."

"Ẹ jẹun yín, jàre."

"Mò ń jẹ ẹ́. Bàtà ọkùnrin tó wà nílẹ̀ yìí ńkọ́? Àǹtí náà ló ń wọ̀ ọ́?"

Oníbàárà kan ti béèrè ohun kan náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Tíṣà rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo ní ti ọkọ wọn ni. Mo ní wọ́n ti dolóògbé."

Káfíńtà gbé ọwọ́ kúrò nínú oúnjẹ. "O ti pa ọkọ ọlọ́kọ! Kí ni ọkùnrin yẹn fi ṣe ọ́? Bàtà lásán!" Ó rẹ́rìn-ín títí oúnjẹ fi fẹ́ há a lọ́fun. Nígbà tó rọlẹ̀, ó ní, "Ìyàwó mi, àga tí mo bá kàn, mo lè sọ igi tí mo fi kàn án. Ìwọ ń jókòó lórí àga tí kò ní igi. Mo ti sọ tèmi."

Tíṣà náà rẹ́rìn-ín. Ṣé irọ́ tí kò pa ẹnikẹ́ni lára náà ni irọ́? Bóyá bẹ́ẹ̀ ni ìránṣẹ́ wòlíì inú Bíbélì ṣe rò ó nígbà tó sáré tẹ̀lé kẹ̀kẹ́ ẹṣin ọ̀gágun, tó ní àlejò méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá ọ̀gá òun, wọ́n sì nílò ìpààrọ̀ aṣọ. Òun náà dá ènìyàn nítorí aṣọ. Ẹ mọ ohun tó gbé lọ sílé: ẹ̀tẹ̀.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ dé ẹgbẹ́ àdúrà àwọn ìyá ni ó kọ́kọ́ wúwo. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú ni wọ́n máa ń pàdé, ní pálọ̀ Ìyá Àdúrà tó jẹ́ olórí wọn. Obìnrin ńlá ni Ìyá Àdúrà. Bí ó bá ṣe "Àmín" ní pálọ̀, ife á mì nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó tó ìdajì àwọn obìnrin ibẹ̀ tó ti wọ nǹkan Àǹtí.

"Ẹ̀yin ìyá," ó ní lọ́jọ́ náà, "ó yẹ kí ojú tì wá. A ń jẹ iyọ̀ ẹnì kan, a kò mọ ìrora rẹ̀. Àǹtí Tíṣà tó ń wọ̀ wá láṣọ, opó ni! Opó nílẹ̀ àjèjì!"

"Háà!" ni gbogbo ilé.

"Tíṣà, ṣé wọ́n bímọ?"

"Wọn... wọn kò tíì bí, mà."

"Yéè! Ẹ dìde!"

Ẹ wo ọ̀run tó ṣí sílẹ̀ nítorí ẹni tí kò sí láyé! Wọ́n ké pe Ọkọ àwọn opó. Wọ́n de Sátánì, wọ́n tú Àǹtí sílẹ̀. Wọ́n fi iná yí ilé Àǹtí ká, wọ́n lé ọ̀tá kúrò ní àgbàlá rẹ̀. Òógùn bo gbogbo wọn. Ẹ sì gbọ́, Tíṣà ni ó ṣe "Àmín" tó le jù, kí ẹnikẹ́ni má baà wo ojú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Àǹtí di ọmọ ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá ń dárúkọ aláìsàn, wọ́n á dárúkọ Àǹtí. Bí wọ́n bá ní kí àwọn bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, Tíṣà á ní Àǹtí kì í fẹ́ ariwo. Ní Ọjọ́rú kan, ó gbìyànjú láti sọ òtítọ́. Ó ti la ẹnu, ó ti ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, nípa Àǹtí yìí..." Ìyá Àdúrà já a gbà lẹ́nu rẹ̀: "Ìròyìn ayọ̀ ni! Mo lá àlá rẹ̀!" Tíṣà sì tún ẹnu pa dé.

Kóòtù kan ló wá tú àṣírí.

Kóòtù aláwọ̀ eérú ni, ó nípọn, bọ́tìnì rẹ̀ tóbi. Tíṣà gbé fótò rẹ̀ síta, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Èyí tí Àǹtí fẹ́ràn jù lọ." Kò pẹ́ tí Ìyá Akọrin fi rà á. Ìyá Akọrin ló ń darí àwọn tó ń kọrin ní ìjọ wọn. Ọ̀rẹ́ Tíṣà ni, ẹ̀gbọ́n ló sì ń pè é. Káfíńtà ló gbé kóòtù náà lọ fún un nígbà tó ń lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́rú dé. Wọ́n kọrin, wọ́n jókòó. Ìyá Akọrin dìde, ó wọ kóòtù náà nínú ooru ọ̀sán, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, omijé sì ń bá òógùn ṣàn pọ̀.

"Ẹ̀yin ará, kóòtù ìyá mi nìyí."

Àwọn ìyá sún mọ́ ọn láti wò ó.

"Nígbà tí a kó kúrò ní ilé wa àtijọ́, àwọn tó bá wa kó ẹrù ṣi ẹrù gbé. Èyí tí a fẹ́ fi tọrẹ, wọ́n gbé e pa dà fún wa. Ẹrù ìyá mi tó ti sùn nínú Olúwa, òun ni wọ́n kó lọ fi tọrẹ. Mo wá a títí. Nígbà tí mo rí fótò, mo ní ó jọ ọ́. Mo rà á nítorí pé ó jọ ọ́. Ẹ wá wo inú àpò." Ó yí àpò kóòtù síta. Ègé aṣọ aláwọ̀ búlúù kékeré kan wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. "Aṣọ ilé-ìwé mi ni. Ìyá mi ló gé e, tó fi lẹ àpò yìí. Lójú mi ni."

"Ògo!" Ìyá Àdúrà bẹ́ sókè. "Ó gbé e kọjá òkun, ó gbé e kọjá òkun pa dà! Ọlọ́run Àǹtí!"

Wọ́n jó, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò jó. Tíṣà ni.

Ìyá Akọrin wá dì í lọ́wọ́ mú. "Àbúrò mi, pe Àǹtí fún mi. Ìbora kan wà nínú ẹrù kan náà. Ìyá mi ló fi òwú hun ún nígbà tó mọ̀ pé òun kò ní pẹ́ mọ́. Ó ní ọmọ tí ọmọ mi bá bí ni kí n fi gbé. Ọmọbìnrin mi ti lóyún báyìí, o mọ̀. Jẹ́ kí n bi Àǹtí níbi tó ti rí kóòtù yìí. Ẹni tó ní kóòtù á mọ ibi tí ìbora wà. Jọ̀ọ́."

Ọkàn Tíṣà lọ tààrà sí ìdí òkìtì Bàbá. Ó rí ìbora náà! Ọjọ́ tó ra kóòtù, bàbá ní kí ó kó méjèèjì, pé láti inú ẹrù kan ni wọ́n ti jáde. Ó fọwọ́ tì í sẹ́yìn. Ó ní ìbora kì í ya fótò dáadáa.

Bí ó bá sọ ibi tó wà, Àǹtí parẹ́. Àwọn oníbàárà parẹ́. Gbogbo "Àmín" ọjọ́ wọ̀nyí yóò dìde, yóò máa nà án. Bí kò bá sọ ọ́, ìbora tí ìyá Ìyá Akọrin hun yìí á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí yóò fi nu mọ́tò.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má sọ pé ẹ̀yin kò ní ṣe ohun tó ṣe. Ó rí ilẹ̀kùn kékeré kan, ó sì sá gbabẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "Àǹtí... Àǹtí ti kú."

Áà! Ariwo tó sọ! Ìyá Àdúrà jókòó wìì sórí àga. Àwọn kan gbé ọwọ́ lérí. Ẹnì kan ń béèrè ìgbà tí wọn yóò sin ín, òmíràn ti ń kó owó ìbánikẹ́dùn jọ sínú ìborùn. Ìyá Àdúrà ní, "A tún gbàdúrà fún un ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá! Kí ni a ṣe tí kò tó?" Ó sì sunkún bí ọmọdé.

Ṣùgbọ́n Ìyá Akọrin kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀, ó fa kóòtù mọ́ra, ó ń fọwọ́ pa àpò rẹ̀. "Ó dáa," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó dáa. Ìyá mi náà ti wá kú tán nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Tíṣà lára ju gbogbo ìwàásù tó ti gbọ́ rí lọ.

"Kò kú!" ó kígbe.

Gbogbo ojú yí pa dà. Ẹni tó ń kó owó dúró.

"Ta ni kò kú?"

"Àǹtí. Àǹtí kò kú."

Ìyá Àdúrà fò dìde, omijé ṣì wà lójú rẹ̀. "Ó jí?! Ṣé ó jí ni? Halelúyà!"

"Rárá, mà! Kò jí. Kò kú rí. Kò sí láyé rí!" Tíṣà kúnlẹ̀ sáàárín pálọ̀. "Èmi ni mo dá a. Kò sí Àǹtí, kò sí òkè òkun, kò sí ọkọ tó kú. Òkìrìkà ni gbogbo ẹ̀. Ọ̀dọ̀ Bàbá Olókìtì lẹ́yìn ibùdókọ̀ ni mo ti ń rà á. Mo parọ́ fún yín, mo sì jẹ́ kí ẹ máa gbàdúrà. Ẹ dárí jì mí."

Obìnrin kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn wo ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ẹ̀wù tí mo wọ̀ yìí náà?"

"Ìyẹn náà, mà."

"Tí mo ti ń fi yan níwájú àbúrò ọkọ mi?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ran ẹni tó tẹ̀ lé e, ó ran òmíràn, títí ó fi kù díẹ̀ kí pálọ̀ wó.

Ìyá Àdúrà kò tíì rẹ́rìn-ín. "Ẹ dúró ná. Ta ni a ń fi iná yí ilé rẹ̀ ká láti ìgbà yìí wá?"

Ìyá Akọrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó di kóòtù rẹ̀. "Níbo ni bàbá yẹn wà? Mú mi lọ. Nísinsìnyí."

Báyìí ni odindi ẹgbẹ́ àdúrà ṣe tò lọ sí ẹ̀yìn ibùdókọ̀. Bàbá Olókìtì rí wọn lókèèrè, ó sì dìde lórí àpótí.

"Tíṣà! Ìjà wo lo kó bá mi?"

"Kì í ṣe ìjà, bàbá. Ìbora tí ẹ fi hàn mí lọ́jọ́ kóòtù..."

"Èyí tí o fọwọ́ tì bí ẹni rí ìgbẹ́?" Bàbá nawọ́ sẹ́yìn. Ó ti ká a, ó ti fi í sínú ọ̀rá mímọ́. "Ẹnì kan fẹ́ rà á lánàá fún ajá rẹ̀. Mo ní kí ó lọ ra àkísà. Ẹni tó hun èyí kò kánjú. Mo mọ iṣẹ́ tí a fi sùúrù ṣe." Ó wo kóòtù lára Ìyá Akọrin, ó wo ojú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ tó máa ń dún bí èébú wálẹ̀. "Ṣé tìrẹ ni, ọmọ mi?"

Ìyá Akọrin gbà á, ó bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìyá Àdúrà ni ó la ohùn. "Ẹ̀yin ará, mo ti rí i! Ẹni tó ń pèsè aṣọ fún wa, tí a ń gbàdúrà fún, òun nìyí. Bàbá, ẹ̀yin ni Àǹtí!"

"Èmi?" Bàbá fọwọ́ kan irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni opó tí ọkọ rẹ̀ kú!"

"Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ìyàwó mi wà nílé, ẹ fẹ́ kó bá mi rojọ́?" Ẹ̀rín bẹ́. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó sì tún ronú. "Ṣùgbọ́n àdúrà tí ẹ ti gbà, ẹ má gbà á pa dà o. Ọjà ń tà láìpẹ́ yìí."

Tíṣà nawọ́ sínú báàgì láti sanwó ìbora. Bí ẹ̀mí rẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ náà, kò ná an rárá. Bàbá fẹ́ dákú.

Lójú ọ̀nà, Tíṣà rìn súnmọ́ Ìyá Akọrin. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

"Mo ti dárí jì ọ́. Mo ṣì ń bínú." Ó gbé ìbora náà sí èjìká kejì. "Ìdáríjì àti ìbínú lè jọ wà nínú ìjọ kan. Àmọ́ mo fẹ́ mọ ohun kan: kí ló dé tí o fi pa á?"

"Ẹ̀rù bà mí."

"O tún fẹ́ gba owó ìbánikẹ́dùn lọ́wọ́ wa." Ìyá Akọrin gbá a lẹ́yìn díẹ̀, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín, ọ̀kan pẹ̀lú ojú títì.

Nílé, Káfíńtà ti gbọ́. Ó dìde lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí fìlà. "Ìyàwó mi, ẹ kú àṣẹ̀yìndè Àǹtí. Ọlọ́run á dá àwọn tó kù sí." Ìgbà tó rí i pé omijé ti ń dà lójú rẹ̀, ó fà á jókòó. "Èyí tó le ti kọjá. Ó ku àwọn tó wà nínú fóònù."

Tíṣà kọ ọ́ sí gbogbo wọn pé kò sí Àǹtí, òkìrìkà ni, ẹni tí ó bá fẹ́ dá ọjà pa dà, òun yóò gbà á. Àwọn kan dá a pa dà. Àwọn kan bú u, ó sì ka èébú náà tán. Púpọ̀ nínú wọn kò pa dà wá mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé òtítọ́ kì í mú nǹkan lọ lọ́wọ́ ẹni. Ó ń mú un lọ. Ohun tó ń fi sílẹ̀ ni ká wò: Tíṣà ń sùn. Bí ó bá ṣe "Àmín" nísinsìnyí, kì í pariwo, ṣùgbọ́n ó ń dé ibi tó ń lọ.

Ní ọjọ́ tí ó tún ṣe ọkàn gírí láti gbé fótò tuntun sórí ayélujára, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "N kò mọ ẹni tó ni ín. Ó ya lábẹ́ apá, mo ti rán an. Bọ́tìnì kan ti já bọ́."

Ó jókòó, ó ń wo fóònù. Kò sẹ́ni tó yà síbẹ̀. Ó lọ fọ abọ́, ó pa dà wá.

Ẹnì kan ti kọ̀wé. Obìnrin tó ra aṣọ aláwọ̀ ewé ni, ẹni àkọ́kọ́ pàá tó béèrè orísun aṣọ.

"Bọ́tìnì wo ló já?"

"Ti ìsàlẹ̀, mà."

"Mo ní irú ẹ̀ nílé. Ẹ bá mi pa á mọ́, mò ń bọ̀."